Abéèrè Ọ̀nà Kì í Ṣìnà: Ìtàn Àdírẹ́sì Orí Ayélujára àti Ìránṣẹ́ Tí Ń Gbé E

 

Bí wọ́n bá ní kí á wá gbọ́ ìtàn, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni ọba, ogun, àti ìlú tí ó tú. Ìtàn tí a mú wá lónìí kò ní ọba nínú. Ilé ni ó ní, àti ọ̀nà, àti ìránṣẹ́ tí ó máa ń ṣìnà. Púpọ̀ nínú wa tí ó wá kàwé sí òkè òkun ni ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, yálà nítorí ìwé-ẹ̀rí tàbí nítorí owó oúnjẹ. Àwọn mìíràn ń kọ́ ìkànnì fún ẹgbẹ́, fún ìjọ, tàbí fún ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá. Kò sí ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ tí kò ní bá ìbéèrè kan pàdé: kọ̀ǹpútà tí ó ń pèsè ìkànnì, èyí tí à ń pè ní server, ni ó mọ àdírẹ́sì ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, fáìlì JavaScript tí ó dá dúró lọ́tọ̀ ni ó fẹ́ lo àdírẹ́sì náà, báwo ni server yóò ṣe fi í lé e lọ́wọ́?

Ó jọ ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n ó ti tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wá ìdáhùn sí i. Fún àwa tí èdè wa ní àmì lórí tí ó sì ní àmì nísàlẹ̀, bí a bá dáhùn rẹ̀ bí kò ti yẹ, ọ̀rọ̀ wa gan-an ni yóò sọnù. Èyí ni a fẹ́ fi ìtàn yìí hàn.

Ìránṣẹ́ láyé àtijọ́

Kí wọ́n tó máa kọ nọ́ńbà sára ilé, àwọn baba wa ń rán ènìyàn níṣẹ́, iṣẹ́ náà sì ń dé. Wọ́n á ní kí ó gba ẹnubodè wọlé, kí ó kọjá ọjà, kí ó wá béèrè agbo ilé lágbájá. Ìránṣẹ́ tí ó gbọ́n kì í gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ó há sórí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí pé ilé a máa wó, ọjà a máa ṣí, ìdílé a sì máa kó lọ sí ibòmíràn. Bí ó bá dé ẹnubodè, yóò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Bí ọ̀rọ̀ bá jinlẹ̀, wọ́n á di àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ fún ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí pé ọkàn wa fà sí i, nítorí pé ẹfà àti fífà jọ ní ohùn. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọra. Ẹni tí ó gbé àrokò kì í tú u, kì í fi ẹyọ kan kún un, kì í sì í yọ ọ̀kan kúrò. Bí ó bá fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ sọ mẹ́fà di méje, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìránṣẹ́ méjèèjì yìí sọ́kàn, èyí tí ó ń béèrè ọ̀nà àti èyí tí ó ń gbé àrokò láìtú u. A óò tún bá wọn pàdé.

Bí àdírẹ́sì ṣe dé orí ayélujára

Ní oṣù kẹta ọdún 1989 ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN ní Geneva, kọ ìwé àbá rẹ̀ àkọ́kọ́ nípa ohun tí ó wá di ìtàkùn àgbáyé. Nígbà tí ọdún 1990 fi máa parí, ó ti kọ server àkọ́kọ́ àti aṣàwákiri àkọ́kọ́, èyíinì ni ètò tí a fi ń wo ojú-ewé, bí irú Chrome àti Firefox òde òní. Ohun mẹ́ta ni ó fi lélẹ̀: HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú-ewé, HTTP, ìlànà tí kọ̀ǹpútà méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àti àdírẹ́sì tí a wá ń pè ní URL. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN yọ̀ǹda ìtàkùn náà fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1994 ni ìwé ìlànà tí ó ń jẹ́ RFC 1738 jáde, tí ó sọ bí a ṣe gbọ́dọ̀ kọ URL. Lẹ́tà èdè Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà, àti àwọn àmì díẹ̀ ni ó fún láyè. Kò sí ẹ níbẹ̀, kò sí ọ, kò sí ṣ, kò sì sí àmì ohùn kankan. Ọ̀rọ̀ yìí yóò padà wá bá wa níwájú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àdírẹ́sì kò ju orúkọ fáìlì lọ. Bí a bá fi fáìlì kan sí inú àpótí kan lórí server, ibẹ̀ náà ni àdírẹ́sì rẹ̀. Ìyípadà dé ní ọdún 1993, nígbà tí àwọn ará NCSA ní yunifásítì Illinois gbé ìlànà CGI jáde, tí server fi lè pe ètò kan kí ó wá kọ ojú-ewé lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1995 ni Rasmus Lerdorf kó PHP jáde fún gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà náà ni ojú-ewé kò ti jẹ́ ohun tí a tẹ̀ sílẹ̀ de àlejò mọ́. Server ni ó ń sè é nígbà tí àlejò bá dé. Àdírẹ́sì náà sì kúrò ní orúkọ fáìlì. Ó di ohun tí server fúnra rẹ̀ ń pinnu.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Atlanta ní ọdún 1996

Ìlú yìí ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn náà. Láti ọjọ́ 19 oṣù keje títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1996 ni ìdíje Òlíḿpíìkì wáyé ní Atlanta. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí yóò gbàgbé ọdún náà. Falilat Ògúnkọ́yà, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn, sá eré mítà 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá 49.10, ó sì gba bàbà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ, Chioma Ajunwa fò jìnnà dé mítà 7.12, ó gba wúrà. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ní Athens tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Georgia yìí náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa fi àmì ayò 3 sí 2 na Argentina.

Àwọn tí wọ́n fẹ́ mọ èsì wọ̀nyí láti ọ̀nà jíjìn tún ní ọ̀nà tuntun kan yàtọ̀ sí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn ìkànnì Ìdíje náà, tí ilé iṣẹ́ IBM kọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èsì ń yí padà ní wákàtí wákàtí. Ètò kọ̀ǹpútà ni ó ń lọ mú èsì láti inú àká ìsọfúnni, tí ó sì ń hun ún di ojú-ewé. Àwọn onímọ̀ méjì ní IBM, Arun Iyengar àti Jim Challenger, ṣàlàyé ní oṣù kejìlá ọdún 1997 bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n fi hàn pé ojú-ewé tí ètò ń hun lójú ẹsẹ̀ ń gba agbára lọ́wọ́ server ju fáìlì tí ó ti wà nílẹ̀ lọ fíìfíì, nítorí náà ó yẹ kí a máa tọ́jú èyí tí a ti hun, kí a sì tún un hun kìkì nígbà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá yí padà. Nígbà tí ìdíje ti ìgbà òtútù wáyé ní Nagano ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1998, ìbéèrè tí ó ju mílíọ̀nù 600 lọ ni ìkànnì ibẹ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ 16.

Ẹ̀kọ́ tí gbogbo àwọn tí ń kọ́ ìkànnì rí kọ́ nínú irú iṣẹ́ báyìí ni pé kí a ya ohun tí ń yí padà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kì í yí padà. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ìpínyà yìí gan-an ni ó bí ìṣòro tí à ń sọ, nítorí pé àdírẹ́sì bọ́ sí apá kan, ìránṣẹ́ tí yóò lò ó sì bọ́ sí apá kejì.

JavaScript kúrò ní ilé baba rẹ̀

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1995, Brendan Eich ní ilé iṣẹ́ Netscape fi ọjọ́ 10 péré kọ èdè ètò kékeré kan tí yóò máa ṣiṣẹ́ nínú aṣàwákiri. Mocha ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, lẹ́yìn náà LiveScript, kí ó tó di JavaScript ní oṣù kejìlá ọdún náà. Server ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́hùn-ún. JavaScript ń ṣe tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹni tí ń kà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú ojú-ewé HTML ni a ń kọ JavaScript sí. Nígbà náà kò sí wàhálà. Server tí ó ń hun ojú-ewé ni ó ń hun JavaScript inú rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì lè fi àdírẹ́sì sí ibi tí ó bá yẹ. Ọmọ wà ní ilé baba rẹ̀, ohun tí baba bá sọ ni ó ń gbọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1996, ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa iná Òlíḿpíìkì ní Atlanta, Netscape gbé Navigator 3 jáde, ó sì fún wa láyè láti kó JavaScript sínú fáìlì tirẹ̀, kí ojú-ewé kàn pè é ní orúkọ.

Àǹfààní rẹ̀ hàn kedere. Fáìlì kan ṣoṣo lè sin ojú-ewé 100. Bí aṣàwákiri bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, yóò fi pamọ́, kò ní tún lọ gbà á mọ́. Ṣùgbọ́n server kì í ka ohun tí ó wà nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Bí ó ti wà ni ó ń gbé e fún ẹni tí ó béèrè, bí aláṣọ tí ń ta ìdì aṣọ láìtú u. Bí a bá kọ àṣẹ PHP sínú fáìlì .js, tí a ní kí server bá wa fi àdírẹ́sì dípò rẹ̀, server kò ní rí àṣẹ náà. Aṣàwákiri ni yóò rí i, kò sì ní mọ ohun tí ó jẹ́.

Kí ni àwọn ènìyàn wá ṣe? Wọ́n fi ọwọ́ kọ àdírẹ́sì sínú fáìlì náà. Bí iṣẹ́ náà bá wà lórí kọ̀ǹpútà ẹni tí ó kọ ọ́, ó ń lọ geere. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ sí ibi tí gbogbo ayé yóò ti rí i, tí ìkànnì kò sì sí ní orí ilẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́, tí ó wà lábẹ́ àpótí kan bí irú /egbe/, ìránṣẹ́ yóò lọ kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí. Àwọn mìíràn kọ àdírẹ́sì kúkúrú tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n rò pé yóò máa tẹ̀lé ibi tí fáìlì .js wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ojú-ewé tí ó pe fáìlì náà wà ni aṣàwákiri fi ń ṣírò ọ̀nà. Nítorí náà fáìlì kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, lè gba ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ojú-ewé méjì.

Nígbà tí ìránṣẹ́ kò jókòó mọ́

Títí di nǹkan bí ọdún 2004, iṣẹ́ tí JavaScript ń jẹ́ kò pọ̀. Ní ọdún 1999 ni Microsoft fi ohun tí à ń pè ní XMLHttpRequest sínú Internet Explorer 5, tí JavaScript fi lè lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ server láìjẹ́ pé ojú-ewé yí padà. Gmail dé ní oṣù kẹrin ọdún 2004, Google Maps sì tẹ̀lé e ní oṣù kejì ọdún 2005. Ní oṣù kejì yẹn kan náà ni Jesse James Garrett kọ àròkọ tí ó sọ ọ̀nà iṣẹ́ yìí ní Ajax. Láti ìgbà náà, ìránṣẹ́ kò jókòó mọ́. Ìgbà gbogbo ni ó wà lójú ọ̀nà, ìgbà gbogbo ni ó sì nílò àdírẹ́sì.

Ní àkókò kan náà, àwọn tí ń kọ ètò fún server ti rí ọgbọ́n mìíràn. Rails jáde ní ọdún 2004, Django tẹ̀lé e ní ọdún 2005, ASP.NET MVC sì dé ní ọdún 2009. Nínú àwọn ètò wọ̀nyí, a kì í fi ọwọ́ kọ àdírẹ́sì káàkiri. A ó fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tàbí àpèjúwe ní ibì kan ṣoṣo, bí a bá sì ti pè é, server yóò yọ àdírẹ́sì rẹ̀ jáde. Bí ilé bá ṣí lọ, ibì kan péré ni a ó tún ṣe. Ṣùgbọ́n server nìkan ni ó gbọ́ orúkọ náà. Fáìlì JavaScript tí ó wà ní ìta kò gbọ́ ọ.

Ìtàn WordPress fi bí wọ́n ṣe wá ojútùú hàn. Ọdún 2003 ni Matt Mullenweg àti Mike Little bẹ̀rẹ̀ WordPress, PHP ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ní ọdún 2007 wọ́n fi àṣẹ kan kún un tí ó ń jẹ́ wp_localize_script. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni wọ́n dá a fún. Bí JavaScript bá ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú, server yóò fi ọ̀rọ̀ èdè mìíràn sínú ojú-ewé, kí fáìlì .js wá mú un níbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn rí i pé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà kọjá, àdírẹ́sì náà lè gbà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé URL. Ohun tí a ṣe nítorí èdè di ohun tí gbogbo ayé fi ń ránṣẹ́. Ní ọdún 2016 ni WordPress wá fi àṣẹ mìíràn, wp_add_inline_script, kún un fún irú iṣẹ́ báyìí.

Ọ̀nà kejì wá láti inú HTML5, tí W3C fi òǹtẹ̀ lù ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2014. Ó gba server láyè láti so ọ̀rọ̀ tí ó bá fẹ́ mọ́ ara ohun kan nínú ojú-ewé, bí orúkọ rẹ̀ bá ti fi data- bẹ̀rẹ̀. Bí bọ́tìnì kan bá wà tí a fi ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́, server yóò kọ àdírẹ́sì náà sára bọ́tìnì yẹn ní data-url. Bí ẹni tí ń kà bá tẹ bọ́tìnì náà, JavaScript yóò ka àdírẹ́sì lára rẹ̀, yóò sì lọ. Kò há a sórí, kò sì ṣírò rẹ̀. Ẹnubodè ni ó ti béèrè.

Nígbà tí ilé mẹ́fà di oko kan

Ẹnì kan lè sọ pé kí ni ó burú bí ìránṣẹ́ bá ṣírò àdírẹ́sì fúnra rẹ̀? Ó ní orúkọ ojú-ewé, ó mọ bí àdírẹ́sì ṣe ń rí, kí ó kàn so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lè ṣe é kí ó mú un jẹ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ Yorùbá kò lè mú un jẹ.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ mẹ́fà: oko tí àgbẹ̀ ń lọ, òkò tí ọmọdé ń sọ lu máńgòrò, ọkọ tí ìyàwó ní, ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, àti ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù. Kí á ní a ń kọ́ ìwé atúmọ̀ èdè sórí WordPress, tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ojú-ewé tirẹ̀, tí a sì ní kí WordPress máa fi orúkọ ojú-ewé ṣe àdírẹ́sì. WordPress a máa yọ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kúrò kí ó tó kọ àdírẹ́sì. Ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò di oko. Nítorí pé àdírẹ́sì méjì kò gbọdọ̀ jọra, èyí tí a bá kọ́kọ́ tẹ̀ ni yóò jẹ́ oko; èyí tí ó tẹ̀lé e yóò jẹ́ oko-2, títí dé oko-6.

Wàyí o, kí JavaScript wá fi ọgbọ́n ara rẹ̀ ṣírò. Ó rí ọkọ̀, ó yọ àmì kúrò, ó kọrí sí oko. Ẹni tí ó béèrè ọkọ̀ bá ara rẹ̀ lóko. Ẹni tí ó béèrè ọkọ náà bá ara rẹ̀ lóko. Kò sí ọgbọ́n kankan nínú fáìlì JavaScript náà tí ó lè sọ èyí tí ó jẹ́ oko-3 àti èyí tí ó jẹ́ oko-5, nítorí pé bí a ṣe tẹ̀ wọ́n tẹ̀lé ara wọn ni server fi pín nọ́ńbà, server nìkan ni ó sì mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun méjì tí ó lè ṣe ju kí ó béèrè.

Bí a bá sì ní kí á dá àmì sí inú àdírẹ́sì, ibẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Láti ọdún 1993 ni ẹ, ọ àti ṣ ti wà nínú Unicode, ìwé àkọsílẹ̀ lẹ́tà gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ àti ọ́ kò ní àyè kan ṣoṣo tiwọn. A ní láti kọ lẹ́tà, kí á tó fi àmì ohùn lé e. Nínú URL, a ó wá sọ lẹ́tà náà di nọ́ńbà. Ní ìlànà UTF-8, ọ yóò di %E1%BB%8D. Àṣẹ àtijọ́ kan wà nínú JavaScript tí ó ń jẹ́ escape. Òun a máa sọ ọ di %u1ECD, èyí tí kò bá ìlànà URL mu, tí ọ̀pọ̀ server kò sì mọ̀ rárá. Oṣù kejìlá ọdún 1999 ni encodeURIComponent, tí ó ń ṣe é bí ó ti yẹ, wọ inú ìlànà èdè náà. Síbẹ̀ kò tán. Ọwọ́ kan lè tẹ ẹ kí ó tó fi àmì òkè lé e. Ọwọ́ mìíràn lè tẹ é kí ó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ojú kò rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rí i, àdírẹ́sì méjèèjì sì yàtọ̀.

Wikipedia ti èdè Yorùbá kò sọ àmì nù ní tirẹ̀. Àdírẹ́sì ojú-ewé Èdè Yorùbá níbẹ̀ ní àmì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí a bá dà á kọ sí ibòmíràn ó lè di %C3%88d%C3%A8_Yor%C3%B9b%C3%A1. MediaWiki, ètò tí ó gbé e dúró, a máa sọ oríṣi ìkọsílẹ̀ méjèèjì tí a mẹ́nu bà di ẹyọ kan kí ó tó wá ojú-ewé. Ó tún ń fi orúkọ ojú-ewé àti ìbẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì sínú ojú-ewé fúnra rẹ̀, kí àwọn fáìlì JavaScript lè kà wọ́n níbẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 1.17 ti jáde ní ọdún 2011, mw.config ni wọ́n ń lò fún un. Ẹni tí ó mọ̀ ni ó ń sọ, ẹni tí a rán ni ó ń gbé e.

Kí àrokò má di àṣẹ

Ewu kan kù tí a kò gbọdọ̀ fò. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí ìránṣẹ́ gbé àti àṣẹ tí a fẹ́ kí ó ṣe, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní agbègbè Atlanta. Ní ọdún 1981 ni ilé iṣẹ́ Hayes, tí Dennis Hayes àti Dale Heatherington dá sílẹ̀ níhìn-ín, gbé Smartmodem jáde, tí kọ̀ǹpútà fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí wáyà tẹlifóònù. Wáyà kan náà ni ọ̀rọ̀ ń gbà, òun náà ni àṣẹ ń gbà. Báwo ni ẹ̀rọ yóò ṣe mọ èyí tí ó jẹ́ àṣẹ? Wọ́n ní kí ẹni tí ó fẹ́ pàṣẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ó tẹ +++, kí ó sì tún dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ni ààlà.

Lórí ìtàkùn, ọ̀pọ̀ kò fi ààlà sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Samy Kamkar fi JavaScript pamọ́ sínú ojú-ewé ara rẹ̀ lórí MySpace. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti ran ojú-ewé ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ. Ohun tí MySpace gbà bí ọ̀rọ̀ ni àwọn aṣàwákiri ṣe bí àṣẹ. Ìlànà tí à ń pè ní Content Security Policy, tí W3C ti ń gbé jáde láti ọdún 2012, dé nítorí irú èyí. Ìkànnì tí ó bá lò ó dáadáa lè kọ̀ fún JavaScript tí a kọ sínú ojú-ewé láti ṣiṣẹ́, kí ó gba kìkì èyí tí ó wà nínú fáìlì tí a mọ̀. Ó wá túbọ̀ yẹ kí á fi àdírẹ́sì sára data- tàbí sínú ìdì JSON tí kò lè ṣe ohunkóhun. Django fi json_script kún iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2018 fún èyí gan-an. Ó ń di ọ̀rọ̀ náà mọ́ inú ìdì, kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu já a.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, àwọn tí yóò kọ́ ìkànnì fún èdè wa kò jìnnà. Nínú wa ni wọ́n wà. Bí a bá ń kọ́ ìwé atúmọ̀ èdè, àkójọ oríkì, tàbí àkójọ ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ jẹ́ kí á fi àdírẹ́sì sí ọwọ́ server, kí ó fi lé JavaScript lọ́wọ́ láti inú ojú-ewé. Ẹ má fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú fáìlì, ẹ má sì jẹ́ kí fáìlì máa ṣírò rẹ̀. Kí á tó gbé iṣẹ́ jáde, ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́fà wọ̀nyẹn dán an wò: oko, òkò, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá dé ilé wọn, iṣẹ́ náà pé. Bí méjì bá pàdé lóko, ẹ padà sídìí iṣẹ́.

Àwọn tí ó fi ìlànà URL lélẹ̀ ní ọdún 1994 kò rò ti èdè wa mọ́ ọn. Àwa ni a ó rò ó mọ́ ọn. Bí ẹni tí ń wá ọkọ̀ bá bá ara rẹ̀ lóko ní ẹ̀ẹ̀mejì, kò ní wá a ní Yorùbá ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi wá a. Bẹ́ẹ̀ ni èdè ṣe ń fi orí ayélujára sílẹ̀ láìsí ẹni tí ó lé e.

Ire o. Kí Olúwa mú wa délé láyọ̀.